Títọ Ipasẹ̀ Pánla: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Méjìlá Rin Ilẹ̀ Nọ́wè

Ní ọjà Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ìyá mi máa ń mú pánla méjì, á gbá wọn lu ara wọn lẹ́bàá etí oníbàárà. Bí wọ́n bá dún kọ́kọ́kọ́ bí igi, wọ́n gbẹ nìyẹn. Bí ìró wọn bá kú, á dá wọn padà sínú àpò. Pánla líle ni mò ń wí o, èyí tí àwọn ará Ìgbò ń pè ní okporoko, kì í ṣe pánla tútù inú fírísà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa orílẹ̀-èdè Nọ́wè ni orúkọ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára àpò ẹja yẹn.

Nígbà tí mo wá di ará Manchester, tí mo rí i pé bíi wákàtí méjì péré ni ọkọ̀ òfurufú fi ń dé Oslo, mo ní mo gbọ́dọ̀ dé ibi tí ẹja ìyá mi ti ń wá. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, kí ẹlòmíì má baà ṣe àṣìṣe tí mo ṣe.

Nọ́wè gùn bí okùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, pápá ọkọ̀ òfurufú ló máa rí jù. Ẹ mú ọ̀nà kan, kí ẹ tọ̀ ọ́ dópin. Èyí tí mo mú ni ọ̀nà ẹja: láti ilé àwọn oníṣòwò ní Bergen, gba etíkun lọ sókè, dé erékùṣù Lofoten tí wọ́n ti ń sá a. Òkè, omi, ìtàn àti ìṣesí àwọn èèyàn, gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà kan yìí.

Ẹ yan àsìkò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹja lórí igi, ìparí oṣù Kẹta sí àárín oṣù Kẹrin ni kí ẹ fojú sùn. Láti oṣù Kínní ni ẹja ńlá tí wọ́n fi ń ṣe pánla, tí wọ́n ń pè ní skrei, ti máa ń ṣí kúrò nínú òkun Barents lókè pátápátá, á máa bọ̀ wá yé ẹyin lágbègbè Lofoten. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti ń gbé e kọ́, ó sì di oṣù Karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta, ojúmọ́ ti gùn tó ti ilé wa, òru sì ṣì ṣókùnkùn tó fún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní ìmọ́lẹ̀ àríwá láti hàn lójú sánmà. Ẹni tó bá dé lóṣù Kẹfà kò ní í rí ìmọ́lẹ̀ yẹn rárá, nítorí pé láti ìparí oṣù Karùn-ún títí dé àárín oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀ ní Lofoten tọ̀sán tòru. Ìyẹn náà dára ní tirẹ̀, ẹlòmíì sì lè fẹ́ ẹ ju tèmi lọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé gígun òkè gíga ló wù ú, bíi Preikestolen tó ga ní mítà 604 sórí omi Lysefjord, kí ó dúró di oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà Ọdún Àjíǹde dáadáa. Ìsinmi gidi ni àwọn ará Nọ́wè ń fi í ṣe: láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn títí dé Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde, yàtọ̀ sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì, ọ̀pọ̀ ará ìlú á sì ti kó lọ sí ilé orí òkè wọn. Ọjọ́ Àìkú gbogbo náà, ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í ṣí. Ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ kí ó tó di àṣálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Físà àti owó

Nọ́wè kò sí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo kárí. Físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò gbọ́dọ̀ gbà, kódà bí ó bá ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìwé ìgbélùú yẹn wúlò ní ti pé ẹ lè béèrè físà láti ìlú tí ẹ ń gbé láìpadà sílé. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Brasil lè wọlé fún ìbẹ̀wò láìgba físà, fún 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́.

Wọ́n gbà kí ẹ béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ má jẹ́ kí ó ku ọjọ́ 15. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí ó ku oṣù mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́ tèmi, mo fi falẹ̀, n kò rí ààyè láti wá tẹ̀ka títí ọjọ́ ìrìn àjò fi kọjá, owó tíkẹ́ẹ̀tì mi sì wọlẹ̀. Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kí ó má sì tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fún yín. Ẹ ra ìwé ìdójútòfò ìrìn àjò tó lè san owó ìwòsàn tó tó 30,000 owó yúrò. Ẹ kọ ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí ẹ máa sùn àti ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀. Ètò tó ṣe kedere ń jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yín rí i pé ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà.

Krone ni owó wọn. Káàdì ni wọ́n fi ń san gbogbo nǹkan, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀. N kò fọwọ́ kan owó bébà láàárín ọjọ́ méjìlá. Nǹkan wọ́n níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má tàn yín. Oúnjẹ ilé àrójẹ ló ń jẹ owó jù, nítorí náà ẹ wá ilé ibùwọ̀ tó ní ilé ìdáná, kí ẹ máa ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù bíi Kiwi àti Rema 1000. Ẹ má ra omi inú ike, omi ẹ̀rọ wọn mọ́, ó sì dùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí ẹ bá tètè rà máa ń dín gan-an sí ti ẹni tó rà á lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ètò orí fóònù kan wà tó ń jẹ́ Entur, ó ń fi ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi gbogbo orílẹ̀-èdè náà hàn. Èkejì ni Yr, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ẹ gbé méjèèjì sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Aṣọ

Ẹ má wọ aṣọ òwú mọ́ ara. Òwú máa ń fa òógùn mu, á tutù, á sì máa gba ooru ara yín lọ. Aṣọ irun àgùntàn tó fẹ́lẹ́ ni kí ó kan ara, súẹ́tà lé e, lẹ́yìn náà kóòtù tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè là kọjá. Ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí, bàtà tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Òtútù gan-an kọ́ ló ń ṣe àlejò léṣe lóṣù Kẹta, bí kò ṣe omi dídì ojú títì tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Irin eléèékánná kan wà tí wọ́n ń fà mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, brodder ni wọ́n ń pè é, kò wọ́n, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri. Ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ẹ mú òrí dání. Kò sí ìpara tí mo lò tó bá afẹ́fẹ́ òkun yẹn jà bí òrí ilé wa. Ẹ mú ata gígún díẹ̀ náà, ẹ máa rí ìwúlò rẹ̀ ní Lofoten. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹran tàbí wàrà láti Nàìjíríà, òfin wọn kò gbà á.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì: Oslo

Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Gardermoen, ọkọ̀ ojú irin méjì ló ń wọ ìlú. Èyí tí wọ́n ń polówó jù wọ́n ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi yá jù ú. Ẹ wọ ọkọ̀ Vy tí àwọn ará ìlú ń wọ̀.

Ọjọ́ méjì tó fún Oslo. Ẹ gun orí òrùlé ilé eré Opera, èyí tí wọ́n kọ́ kí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀ láti etí omi. Ẹ lọ sí ọgbà Vigeland, níbi tí ère tó ju igba lọ wà, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní àkókò fún ibì kan ṣoṣo, Norsk Folkemuseum ní Bygdøy ni. Wọ́n tú ilé àtijọ́ láti gbogbo agbègbè, wọ́n sì tún wọn tò síbẹ̀. Lára wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì onígi ti Gol, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1200. Igi lásán ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó, orí dírágónì sì yọ níbi òrùlé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú. Irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ tó kù ní Nọ́wè kò tó ọgbọ̀n. Ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ojú omi àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ àti jagunjagun àtijọ́ ilẹ̀ náà, sí wà nítòsí, àmọ́ wọ́n tì í láti 2022 kí wọ́n lè tún un kọ́ kí ó sì tóbi sí i. Ẹ wò ó bóyá ó ti ṣí kí ẹ tó lọ.

Ìtàn díẹ̀ tí ẹ nílò lọ́nà: Nọ́wè wà lábẹ́ ọba Dẹ́ńmákì títí di 1814. Ọdún yẹn, lọ́jọ́ 17 oṣù Karùn-ún, wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin tiwọn ní Eidsvoll, ṣùgbọ́n ọba Swídìnì tún gbà wọ́n, ó sì di 1905 kí wọ́n tó dá dúró. Ìdí nìyí tí ọjọ́ 17 yẹn fi jẹ́ ọjọ́ ńlá, tí àwọn ọmọ iléèwé ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá nígboro, tí àgbà ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bunad. Ẹni tó bá mojú aṣọ náà mọ agbègbè tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti wá.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin: ọ̀nà orí òkè lọ sí Bergen

Ọkọ̀ ojú irin láti Oslo sí Bergen, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1909, ń gbà tó wákàtí méje. Ó ń gun òkè títí dé ibùdó Finse, mítà 1,222 sókè, níbi tí ohun gbogbo funfun tí ojú fi ń ro èèyàn. Ẹ má sùn lọ sí Bergen tààrà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Myrdal, kí ẹ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Flåm. Kìlómítà 20 ni, láti mítà 867 sókè títí dé etí omi. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ púpọ̀ nínú ihò tó gba inú àpáta kọjá.

Ẹ sùn ní Flåm. Ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n bí àwọn ọkọ̀ bá ti lọ tán lálẹ́, ibẹ̀ máa ń dákẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ ìró omi láti orí òkè. Lówùúrọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gudvangen gba inú Nærøyfjord. Fjord ni apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ jìnnà láàárín òkè méjì. Yìnyín àtayébáyé tó nípọn bí òkè ló fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún gbẹ́ àfonífojì náà, nígbà tó sì yọ́, òkun wọlé. Níbi tí Nærøyfjord ti há jù, mítà 250 péré ló fẹ̀, òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga ju mítà 1,000 lọ. Àjọ UNESCO fi í sára ogún gbogbo ayé ní 2005. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ ibẹ̀ ń lò, kò pariwo. Ẹ dúró níta bí òtútù ṣe wù kó mú tó. Láti Gudvangen, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé Voss, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé yín dé Bergen.

Ọjọ́ karùn-ún: Bergen, níbi tí ẹja ti di owó

Òjò tó ń rọ̀ ní Bergen lọ́dún pọ̀ ju ti Èkó lọ, ẹ má jẹ́ kí ó bà yín nínú jẹ́. Ẹ lọ sí Bryggen ní kùtùkùtù, kí èrò tó pọ̀. Ìlà ilé onígi aláràbarà ni, ó kọjú sí èbúté. Ẹ má kàn ya fọ́tò níwájú rẹ̀ kí ẹ lọ. Ẹ wọ inú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé sí ilé, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri. Igi ni ilẹ̀, igi ni àjà. Àwọn oníṣòwò Jámánì tí wọ́n ń pè ní Hansa dá ibùjókòó wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1360, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí irinwó ọdún. Iná jó ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn iná 1702 ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń wò, bí ilé àtijọ́ ṣe wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ṣe kọ́ ọ.

Kí ni wọ́n ń tà? Pánla. Àwọn apẹja àríwá á fi ọkọ̀ ìgbòkun kó ẹja gbígbẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, àwọn Jámánì á fún wọn ní ọkà, wọ́n á sì kó ẹja náà lọ tà káàkiri Yúróòpù, níbi tí òfin ìjọ ti ń ka ẹran jíjẹ léèwọ̀ lọ́jọ́ ààwẹ̀. Àwìn ni púpọ̀ nínú òwò yẹn. Apẹja á gba ọkà lọ́dún yìí, á fi ẹja ọdún tó ń bọ̀ san, gbèsè kì í sì í tán. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà nílẹ̀ wa á mọ bí irú okùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣòro já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ọkùnrin tí kò níyàwó nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í dá iná nínú ilé nítorí ewu. Ilé kan lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Schøtstuene ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń yáná, tí wọ́n sì ti ń jẹun nígbà òtútù. Ẹ dé ibẹ̀.

Bí sánmà bá mọ́ lọ́sàn-án, ẹ wọ ọkọ̀ Fløibanen tó ń fi okùn irin gun òkè, mítà 320, kí ẹ rí bí omi ṣe yí ìlú náà ká. Lálẹ́, ẹ forí lé èbúté.

Ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ: ọkọ̀ etíkun

Láti 1893 ni ọkọ̀ Hurtigruten ti ń gbé lẹ́tà, ẹrù àti èrò láti ìlú kan sí èkejì létí òkun àríwá. Lónìí, iléeṣẹ́ méjì ló pín iṣẹ́ náà, Hurtigruten àti Havila. Láti Bergen dé Kirkenes nítòsí ààlà Rọ́ṣíà, èbúté 34 ni wọ́n ń yà. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ gbogbo jẹ́ ọjọ́ méjìlá, ó sì wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹ lè ra apá kan ṣoṣo. Ẹ ra Bergen sí Svolvær ní Lofoten, òru mẹ́ta. Ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ń gbà gbé pánla wá sí Bergen náà ni, ẹ̀yin kàn ń tọ̀ ọ́ padà ni.

Bí owó bá há, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Oslo sí Trondheim, bíi wákàtí méje, kí ẹ tún wọ òmíràn láti ibẹ̀ dé Bodø, bíi wákàtí mẹ́wàá, kí ẹ wá fi ọkọ̀ ojú omi sọdá. Ẹ máa pàdánù Bergen nìyẹn, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ àyàfi tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn.

Ọkọ̀ á dúró ní Trondheim fún wákàtí díẹ̀. Ẹ béèrè aago tí ó máa ṣí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, nítorí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà kí ẹ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Nidaros. Ọba Olav tí wọ́n pa lójú ogun Stiklestad lọ́dún 1030 ni wọ́n sin síbẹ̀. Láti 1070 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé náà lórí ibojì rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ìsìn sì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti ìgbà láéláé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni ọkọ̀ máa ń kọjá ìlà Àríwá, ìyẹn ìlà tó jẹ́ pé lókè rẹ̀, ọjọ́ kan ó kéré tán wà lọ́dún tí oòrùn kì í wọ̀. Wọ́n á pariwo rẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo èrò á sì jáde. Ní Bodø, òkun á ṣí sílẹ̀. Àárín Bodø sí Lofoten ni omi ti máa ń ru, ẹ lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn tí inú bá ti ń rú. Lálẹ́ ni ẹ máa wọ Svolvær.

Ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkọkànlá: Lofoten

Ẹ sùn nínú rorbu. Ilé pupa onígi ni, ó dúró lórí òpó létí omi, àwọn apẹja àlejò ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. Ìtàn sọ pé Ọba Øystein ló pàṣẹ kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Vågan, nítòsí Svolvær, ní nǹkan bí ọdún 1120, nítorí pé àwọn tó wá pẹja ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Lónìí, àlejò ni wọ́n ń fi í wọ̀, ilé ìdáná sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ra skrei tútù, ẹ wọ́n ata gígún yín sí i, ẹ sè é. Lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò tíì jẹ ẹja rí.

Ojú títì E10 ló so erékùṣù náà pọ̀, ó parí sí abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo: Å. Bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ háyà ọkọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Iná ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn tọ̀sán tòru. Ẹ má fi ẹnu kan ọtí rárá bí ẹ bá máa wakọ̀, òfin wọn le. Ẹ má sì dúró lójú títì láti ya fọ́tò, ibi ìdúró wà níwájú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kabelvåg, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898 fún èrò 1,200. Abúlé kékeré ni. Àwọn apẹja tó ń ya wá lásìkò skrei ni wọ́n kọ́ ọ fún. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Henningsvær. Ní Borg, ẹ ó rí ilé olóyè Viking tí wọ́n tún kọ́, mítà 83 ló gùn. Àgbẹ̀ kan tó ń túlẹ̀ lóko rẹ̀ ló kan àwókù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Nusfjord àti Reine.

Ẹ máa gbóòórùn igi ìsáẹja kí ẹ tó rí i. Hjell ni wọ́n ń pè é. Wọ́n to igi bí egungun òrùlé ilé gígùn, ẹja sì rọ̀ sórí rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n á gé orí ẹja, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ kúrò, wọ́n á so méjì pọ̀ níbi ìrù, wọ́n á gbé e kọ́. Kò sí iyọ̀. Kò sí iná. Afẹ́fẹ́ àti òtútù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ìdí tí ó fi jẹ́ Lofoten ni pé omi òkun lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn wá láti gúúsù kì í jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ le jù. Bí ó bá tutù jù, omi inú ẹja á dì, ẹran rẹ̀ á fọ́. Bí ó bá sì móoru, eṣinṣin á dé.

Orí ẹja wà lórí igi tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú orí yẹn, Nàìjíríà ló ń bọ̀. Àwọn ọmọ ìlú máa ń gé ahọ́n ẹja tà kí wọ́n tó gbé orí kọ́, owó wọn sì ni, bí ọmọ ọjà wa ṣe máa ń ní òwò kékeré tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ẹja, ẹ má sì wọ abẹ́ igi láìbéèrè. Oko olóko ni.

Ilé kan wà ní Å tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ pánla han àlejò. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ vraker, ẹni tó ń ṣa ẹja. Á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wò ó, á tẹ̀ ẹ́, á gbóòórùn rẹ̀, á sì sọ ọ́ sínú ìpele tirẹ̀. Ìpele náà tó ogún. Èyí tó dára jù, Ítálì ló ń lọ. Ìtàn Ítálì náà kì í ṣe kékeré: ọkọ̀ oníṣòwò ará Venice kan, Pietro Querini, rì, òun àtàwọn tó kù sì gúnlẹ̀ sí Røst ní Lofoten lóṣù Kínní 1432. Àwọn apẹja tọ́jú wọn, àwọn ará Venice náà sì gbé pánla dání lọ sílé. Ní tiwa, ẹja yìí ti ń wọ Nàìjíríà kí ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun náà, 1967 sí 1970, ó wà lára oúnjẹ ìrànwọ́ tí àwọn ìjọ kó wọlé fún àwọn tí ebi ń pa, nítorí kì í bàjẹ́, ó sì ń ṣara lóore. Mo dúró lábẹ́ àwọn orí ẹja yẹn, mo ń ronú irú ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dé.

Lálẹ́, ẹ jáde kúrò níbi tí iná wà, kí ẹ kọjú sí àríwá. Bí sánmà bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ náà lè yọ bí aṣọ aláwọ̀ ewé tí ẹnì kan ń gbọ̀n lókè. Kì í ṣe ìlérí o. Òru mẹ́ta ni mo lò lẹ́ẹ̀kan, òru kan ṣoṣo ni mo rí i. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ lo alẹ́ kan péré ní Lofoten.

Òfin kan wà, allemannsretten, tó fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn nínú igbó àti lórí òkè tí kì í ṣe oko dídá, ẹni yòówù kó ni ín. Ẹ lè pàgọ́, bí ó bá ti jìnnà tó mítà 150 sí ilé tó wà nítòsí jù. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹta, yìnyín lè ya láti orí òkè láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbéra. Àwọn ará Nọ́wè ní òfin òkè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kò sí ìtìjú nínú yíyí padà.

Bí ẹ ṣe lè bá wọn gbé

Wọn kì í kí àjèjì lójú títì, kì í ṣe ìkórìíra. Bí ẹ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣàlàyé. Orúkọ ni wọ́n ń pe gbogbo èèyàn, ọmọdé ń pe àgbà bẹ́ẹ̀, kò sí "ẹ" kò sí "o" lẹ́nu wọn. Ara mi kọ́kọ́ bù máṣọ. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ sọ pé "takk for maten", ẹ ṣeun oúnjẹ. Bí ẹ bá tún pàdé ẹni tó gbà yín lálejò, "takk for sist" ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ni pé ẹ ṣeun ìjọ́sí. Ẹni tó bá ti gbọ́ "ẹ kú ìnáwó àná" láti kékeré kò nílò àlàyé.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ bá ọkọ̀ etíkun lọ sí Tromsø, tàbí kí ẹ wọ ilẹ̀ dé Karasjok, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ àwọn Sámi, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ àríwá, wà láti 1989. Àwọn ni wọ́n ń da àgbọ̀nrín òtútù. Ìgbà kan wà tí ìjọba kò jẹ́ kí ọmọ wọn sọ èdè wọn níléèwé. Ẹ má béèrè iye ẹran tí ẹnì kan ní lọ́wọ́ rẹ̀: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọjọ́ kejìlá: ìpadàbọ̀

Ọkọ̀ òfurufú kékeré ń gbéra ní Svolvær àti Leknes lọ sí Bodø, ẹ ó sì rí èyí tó ń lọ sí Oslo níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí mélòó kan sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjèèjì, afẹ́fẹ́ lè dá ti àkọ́kọ́ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ra pánla, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ẹja ọdún tó kọjá ni ẹ máa bá lórí àtẹ, torí ti ọdún yìí ṣì wà lórí igi. Ẹ yẹ òfin ibi tí ẹ ń lọ wò nípa ẹja, kí ẹ di í sínú ọ̀rá mẹ́ta, kí ẹ sì fi sínú báàgì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀. Mo ra méjì. Nígbà tí ìyá mi wá sí Manchester lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo gbé wọn fún un nílé ìdáná. Kò béèrè ibi tí mo ti rà wọ́n. Ó mú ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú èkejì lọ́wọ́ òsì, ó gbá wọn lura lẹ́bàá etí mi.